Kí Ẹ Tó Kọ́ “Meu Amor”, Ẹ Kọ́ Orúkọ Àna

Kò sí ìwé tó ń kọ́ni ní èdè Potogí tí kò ní ojú ewé ìfẹ́. Ẹ ṣí i, ẹ ó bá wọn níbẹ̀: amor, ìfẹ́, beijo, ìfẹnukonu, coração, ọkàn, eu te amo, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Wọ́n á ya ọkàn pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí. Mi ò bá wọn jà o. Àmọ́ láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti lọ fẹ́ ọmọ Bràsíl, kò tíì sí ẹnì kan nínú ilé wa ní Pópó Àgùdà tó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ”. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kàn ti sọ ìyẹn fúnra wọn kí àwa tó gbọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni: “Kí ni ká máa pe ìyá ìyàwó?” “Ṣé inú ń bí i ni, àbí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?” “Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ Bàbá.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó dáadáa á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí Àgùdà ni wá. Orúkọ Potogí ló wà lára sàréè àwọn bàbá wa, òun náà la sì fi ń forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíl ni wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dá sílẹ̀ ní Salvador, olú ìlú Bahia, lọ́dún 1835, ojú wá le mọ́ àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ òkun padà wálé, wọ́n sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi di ọdún 1888 tí Bràsíl fòpin sí ẹrú níní, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá. Wọ́n kọ́ ilé alájà tó ní ọnà lára fèrèsé káàkiri Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀ àti Ìgbósẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ẹ lọ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí Bahia níbẹ̀. Potogí ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun náà ni wọ́n sì fi ń bá ìyàwó wọn jà. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá gba ilé ìwé, tó gba ọ́fíìsì, èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa ni fèjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi àgbọn sè, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Kàrétà, eré oníbojú wa, nígbà Ọdún Àjíǹde, àti orúkọ.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi pè wá láti São Paulo pé òun ti rí ìyàwó, pé ọmọ Salvador ni, pé òun àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá sí Èkó kí a lè ṣe ìdána bó ṣe yẹ, gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ni àkọ́bí. Yàtọ̀ síyẹn, mo ń tajà ní Balógun, mo sì ní àwọn oníbàárà tó ń ti Angola wá ra léèsì, nítorí náà ilé gbà pé mo gbọ́ Potogí. Potogí ọjà ni tèmi: èló ni, ó wọ́n jù, má bínú, dá mi lóhùn. Kò sẹ́ni tó ń fi “quanto custa” ṣe àna.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dá nǹkan sílẹ̀ ni cunhada. Ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń túra ká, inú rẹ̀ ń dùn: “Oi, cunhada! Tudo bem?” Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní kí ló pè mí. Mo ní àna ni. Ó gbé orí sókè. “Àna? Ìwọ? Ṣé kò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ni ẹ́ ni?”

Kò mọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ní Bràsíl, kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ní cunhada lójúkojú, ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà ni. Àti pé èdè yẹn kì í fi àna ṣeré rárá. Ohun tí àwa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó pọ̀, wọ́n pín in wẹ́wẹ́: sogro ni bàbá ọkọ tàbí bàbá ìyàwó, sogra ni ìyá, genro ni ọkọ ọmọ ẹni, nora ni ìyàwó ọmọ ẹni, cunhado àti cunhada ni àwọn tí a jọ dọ́gba. Ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ní ohun tí wọ́n ń pe ara wọn, consogra. Ọkùnrin méjì tó fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ní tiwọn, concunhado. Ìyá mi fẹ́ràn consogra gan-an nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ohun tí òun á máa pe àwọn ìyá ìyàwó àwọn ọmọ òun yàtọ̀ sí “Mọ́mì”.

Ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwa ti ń pín in. Irmão, irmã: ọkùnrin àbí obìnrin ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò: ta ló kọ́kọ́ dáyé ni tiwa. Bí ìyàwó bá sọ fún mi pé “meu irmão” ń bọ̀, màá ní “mais velho ou mais novo?”, ṣé ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, torí mi ò lè jókòó kí n máa retí ẹni tí mi ò mọ̀ bóyá mo máa kúnlẹ̀ fún. Bí èmi náà bá sọ̀rọ̀ nípa àbúrò mi kan, òun náà á dá mi dúró láti bi mí bóyá ọkùnrin ni. Ó pẹ́ kí a tó mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ti “ọkọ mi” ló wá le jù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ ẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí pírámárì. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi Potogí sọ ọ́. Bí obìnrin bá na ọwọ́ sí ọmọ kékeré ní São Paulo tó ní “meu marido”, àfàìmọ̀ kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. A fi í sílẹ̀ ní Yorùbá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí apá yòókù ṣe yá a lára tó, ìyẹn ti pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ àwọn tó bá nílé. Nílẹ̀ wa, ìyàwó á fún wọn lórúkọ tirẹ̀: Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ara ọmọ Bràsíl náà bá ti yá mọ́ ènìyàn, orúkọ àdàpè ló máa ń pè é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti pe ọmọ àbúrò mi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní Magrinha, ó pe èyí tó máa ń bú ẹnu sílẹ̀ rẹ́rìn-ín ní Risadinha. Ìyá mi bi mí pé kí ni Magrinha. Mo ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ó ní, “Ó gbọ́n.” Ẹni tó bá mọ ìyá mi á mọ̀ pé kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìyàwó fún yín, torí òun ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ọjọ́ tí wọ́n dé láti Múrítàlá, ilé kún. Ẹ mọ bí ilé Èkó ṣe ń ṣe bí àlejò bá dé: àwọn tó wá kí, àwọn tó wá wò, àwọn tó wá jẹun. Gbogbo wọn ń pariwo: “Ìyàwó, ẹ káàbọ̀!” “Ìyàwó, wá jókòó síbí.” “Ìyàwó wa, o mà rẹwà o!” Màmá, ìyẹn ìyá ìyàwó, jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú Bàbá, ó gbé báàgì ẹ̀ lé itan, ojú rẹ̀ ń lọ láti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kàn mí lápá, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dá àṣírí: “Iaô? Minha filha não é iaô.” Ọmọ mi kì í ṣe ìyàwó.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń kọ ìgbéyàwó ni! Ọkàn mi fò. Ó wá ń ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ juwe orí fífá, ó fi ọwọ́ juwe ìlẹ̀kẹ̀. Ní ìlú Salvador, nílé àwọn tó ń bọ òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórìṣà ni wọ́n ń pè ní iaô, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìyàwó òrìṣà ni. Kátólíìkì ni màmá fúnra ẹ̀, ó sọ ọ́ léraléra, àmọ́ kò sí ọmọ Salvador tí kò mọ ohun tí iaô jẹ́. Àṣé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ló ti ń gbọ́ tí gbogbo agboolé ń pe ọmọ ẹ̀ ní ìyàwó òrìṣà, tó ń wo bóyá wọ́n á mú abẹ jáde fá orí ọmọ òun.

Mo sọ fún un pé níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ẹni tí wọ́n bá gbé fún ọkọ ni, pé òrìṣà ló yá a lò lọ́wọ́ ìdílé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá tọ́ka sí mi: “Então você é ebômi dela.” Ìwọ wá ni ebômi rẹ̀ nìyẹn. Èyí ló dá mi dúró. Ebômi ni ẹni tó ti pé ọdún méje nídìí òrìṣà tó sì ti ṣe ètùtù tó yẹ, ẹni tí àwọn iaô gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rin ìrìn àjò, ó ti dàgbà sílé òrìṣà ní òkè òkun, ó sì padà dé pálọ̀ wa ní ẹnu obìnrin kan tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Èkó rí. Màmá kọjú sí ọmọ ẹ̀, ó fi Potogí tó yá gan-an bá a sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ tán, àmọ́ mo gbọ́ “respeito”. Láti ọjọ́ náà ìyàwó wa kò pè mí ní cunhada mọ́. “Ebômi” ló ń pè mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá mi sì ti simi lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí ìwé tí mo rà ní ọ̀rọ̀ yìí nínú, àmọ́ kò ní. Bí ìyá ìyàwó ṣe ń wá orúkọ tó yẹ fún àna, bí ẹni ṣe ń mọ ipò ẹni lẹ́nu ẹlòmíràn, àwọn tó kọ ìwé náà kò kà á kún ìfẹ́.

Ó wá ku ti ìbéèrè àwọn àgbà. Kí a tó ṣe ìdána, Bàbá Àgbà ẹbí wa ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pàdé. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fọhùn. Ìyàwó, ọmọ olóòótọ́, ló dáhùn: “A gente ficou no carnaval, depois começou a namorar, depois a gente foi morar junto.” Kí n tó la ẹnu, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti gbé fóònù ẹ̀ sókè tó ń túmọ̀. Fóònù ní àwọn méjèèjì dúró níbi káníífà. Bàbá bojú wo yíká. “Wọ́n dúró? Ta ni wọ́n dúró dè?”

Mo ní, “Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, sà.”

Ficar ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, torí bí mo bá ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ Potogí ìfẹ́ mú ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, òun ni. Kí ènìyàn dúró ni, kí ó kù síbì kan. Àmọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Bràsíl, bí wọ́n bá ní àwọn méjì ficaram, wọ́n fẹnu kora wọn, wọ́n gbádùn ara wọn, kò sí àdéhùn kankan níbẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ń bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ficante. Ó di ìgbà tí ọ̀kan bá bi èkejì, ohun tí wọ́n ń pè ní pedir em namoro, kí ó tó di namoro, kí wọ́n tó lè máa pe ara wọn ní namorado àti namorada. Láti ibẹ̀ ló ń di noivado, tí wọ́n á fi òrùka sí ọwọ́ ọ̀tún; ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n á ṣí i lọ sí ọwọ́ òsì. Ficar kò kúrò níbẹ̀ jálẹ̀ ayé: ficar noiva, kí a di àfẹ́sọ́nà; ficar grávida, kí a lóyún; ficar com ciúme, kí owú mú ni; ficar viúva, kí a di opó. Ẹni tó bá kó orúkọ bí ọgọ́rùn-ún sórí tí kò mọ ficar lò, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó ò mọ ètò ìfẹ́ yẹ kí wọ́n wo àtẹ̀gùn yìí dáadáa. Àwa náà ní tiwa nígbà kan: ìfojúsóde, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána, ìgbéyàwó, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ohun tí wọ́n ń san. Lónìí ní Èkó, “wọ́n ń fẹ́ra” ni a fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọge lè wà nínú “wọ́n ń fẹ́ra” fún ọdún méjì kó má mọ̀ bóyá ficante lòun àbí àfẹ́sọ́nà. Mo ti sọ fún àwọn ọmọdébìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi pé kí wọ́n bi bọ̀bọ́ wọn ní Potogí, bóyá ojú á tì í.

Morar junto, kí àwọn méjì jọ máa gbé inú ilé kan, mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún Bàbá. Mo ní àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Irọ́ kọ́ ni pátápátá. Àmọ́ nílé ìyàwó, kò sí ẹni tí ìyẹn ń bí nínú. Wọ́n ní òwe kan fún un, juntar os trapos, kí a da àkísà wa pọ̀ sójú kan, òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bràsíl tọdún 1988 sì ka irú ìgbépọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìdílé, união estável. Èyí jẹ́ ìlú kan náà tí kò fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ títí di ọdún 1977. Kó tó di ìgbà yẹn, desquite ló wà: ẹ lè pínyà, ẹ pín ẹrù, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Màmá mọ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní desquitada nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ní ohùn tí wọ́n fi ń pè é kò dára. Mo sọ fún un pé Èkó náà ní òfin ìgbéyàwó Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1884, pé òun ló bí “ìyàwó olórùka”, àti gbogbo ẹjọ́ ogún tó tẹ̀lé e. Ó ní kí n túmọ̀ olórùka. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí mo máa fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Amante jọ amor lójú, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé olólùfẹ́ ni, á wá fi pe ìyàwó ẹ̀. Àlè ni. Èkejì ni rapariga. Ní Pọ́túgà àti lẹ́nu àwọn oníbàárà mi láti Angola, ọmọbìnrin lásán ni, kò sí aburú kankan nínú ẹ̀. Ẹ gbé e dé Bahia, aṣẹ́wó ni. Ìwé tí wọ́n ṣe ní Lisbon náà wà lórí àtẹ, nítorí náà kí ẹ tó ra ìwé, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àna yín wà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ẹ ṣáà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ búburú ń yọ.

Ní ti pípè, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Avô ni bàbá àgbà, avó ni ìyá àgbà, ohun tó ya wọn ò ju ìyàtọ̀ “o” àti “ọ” lọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì bákan náà, ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Gosto náà nìyẹn: o gosto, ìtọ́wò, “o” ni; eu gosto, mo fẹ́ràn, “ọ” ni, bí wọn ò tiẹ̀ kọ àmì kankan sí i. “X” inú paixão ni “ṣ” tiwa, òun náà ló wà nínú Oxum àti axé. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ti takọ-tabo. Bí obìnrin bá rẹ̀ ẹ́, cansada. Bí ọkùnrin bá rẹ̀ ẹ́, cansado. Ciumenta, ciumento. Casada, casado. Ìyá mi ní òun mọ̀ pé obìnrin lòun, kí ló dé tí òun á tún máa fi àárẹ̀ òun kéde ẹ̀?

Saudade ńkọ́? Wọ́n ní kò sí èdè kankan tó ní i. Àárò ń sọ mí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Ibi tí mo ti kọ́ jù ni ibi ìjà. Ṣé ẹ mọ̀ pé tọkọtaya ò lè máà jà? Brigar ni kí a jà, ficar de mal ni kí a má bára wa sọ̀rọ̀, fazer as pazes ni kí a parí ẹ̀. Wọ́n sì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní discutir a relação, tó ti wọ́pọ̀ débi pé DR lásán ni wọ́n ń pè é: kí tọkọtaya jókòó, àwọn méjì péré, kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi sá fún DR bí ẹni rí ejò. Ohun tí òun mọ̀ ni pé bí ìjà bá wà, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè. Ló bá pè mí láàárín òru, tó ń rojọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́: “Ebômi, desculpa, mas por que ele contou pra você?” Ẹ má bínú o, kí ló dé tó fi sọ fún yín? Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn ẹ̀, ó yà á lẹ́nu gidi ni.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Lójú tiwa, ìjà tọkọtaya kò pé bí ẹni kẹta ò bá sí níbẹ̀, ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá wọn ṣe alárinà. Lójú tiwọn, ẹni kẹta ni ìjà gan-an. N kò gbà pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ ní gbogbo ìgbà; mo ti rí ìgbéyàwó tí ẹbí bá tún ṣe, mo sì ti rí èyí tí ẹbí fi ẹnu bà jẹ́ ní Ìgbósẹ̀rẹ̀ yìí lójú mi. Àmọ́ mo sọ fún àbúrò mi pé bó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Bahia, kó lọ kọ́ DR. Mo sì sọ fún ìyàwó pé bí DR bá kọ̀ tí kò yanjú, kó pè mí. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ti orúkọ dídùn, wọ́n pọ̀, mi ò ní fi wọ́n sú yín: meu bem, minha flor, minha vida. Èyí tó wù mí jù ni minha preta, adúmáradán mi. Ẹni tó bá sọ ọ́ àti bó ṣe sọ ọ́ ló ń pinnu ohun tó jẹ́, torí wọ́n ti fi àwọ̀ dúdú bú ènìyàn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́nu àbúrò mi, oríkì ni. Èkejì ni cafuné, kí a máa fi ìka họ orí ẹni tí a fẹ́ràn jẹ́jẹ́ títí oorun á fi gbé e lọ. Àwọn onímọ̀ èdè tó pọ̀ gbà pé láti Kimbundu ti Angola ló ti wá, bíi caçula, àbíkẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún àwọn oníbàárà mi láti Luanda, wọ́n ṣe fújà títí mo fi bá wọn yọ díẹ̀ kúrò lórí owó léèsì.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ni ọjọ́ àwọn olólùfẹ́ ní Bràsíl, kì í ṣe oṣù kejì, torí ọ̀la ẹ̀ ni ọjọ́ Santo Antônio, ẹni mímọ́ tí wọ́n bí ní Lisbon tí àwọn wúńdíá ń bẹ̀ fún ọkọ. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á dorí ère ẹ̀ kodò títí yóò fi ṣe é. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wo ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí mo sọ fún wọn, mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń rò ó.

Ìdána lọ dáadáa. A bẹ àwọn ọ̀rẹ́ ẹbí wa kan ní Súrùlérè kí wọ́n dúró bí ará ilé ìyàwó, alága ìjókòó gba owó títí Màmá fi bi mí bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń san owó orí lóòótọ́. Wọ́n ti padà sí Bràsíl tipẹ́. Ìyàwó wa ti lóyún báyìí, ficou grávida, àwọn consogra méjì sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Màmá ní ogójì ọjọ́ ni resguardo, ìsinmi ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbí, pé òun ló máa ti Salvador wá jókòó ti ọmọ òun, pé òun ló máa se pirão adìẹ, omi ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbágùúdá po. Ìyá mi ní ogójì ọjọ́ náà ni tiwa, pé òun ti ń wá físà, pé òun ló máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyàwó, tí á fi kànhìnkànhìn wẹ ọmọ, tí á nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀. Lálẹ́ àná, ó ní kí n jókòó kí n kọ ìbéèrè òun sílẹ̀, kí n má fi ẹnu dídùn bò ó. Mo kọ ọ́: “Quem vai dar banho no bebê?” Ta ló máa wẹ ọmọ? Màmá ti kà á, àmì búlúù méjèèjì ti hàn. Kò tíì fèsì.